Ẹranko tí A Fi Ń Dán Ìtọ́jú Eegun Wò

Bí adẹ́mu kan bá já bọ́ láti orí ọ̀pẹ ní Ìgèdè-Èkìtì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán, ilé-ìwòsàn ńlá kò jìnnà sí i ní Adó-Èkìtì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn tí ń to eegun. Nígbà mìíràn oníṣègùn náà a mú adìẹ kan, yóò ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, yóò to ó, yóò sì fi igi dì í bí ó ti di ti aláìsàn. Ọjọ́ tí adìẹ náà bá tún fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, a ó gbà pé ti ènìyàn pẹ̀lú ti tó tú.

Ọgbọ́n wà nínú àṣà yìí, nítorí pé ojú kò lè rí eegun tí ẹran bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n eegun ẹyẹ máa ń yára so pọ̀, bí ọ̀sẹ̀ 3 ti tó fún un, nígbà tí ojúgun àgbàlagbà sábà máa ń gba oṣù 3 sí 6. Ẹni tí ó bá tú ìdì nítorí pé adìẹ ti ń rìn lè sọ ara rẹ̀ di arọ. Ní ilé-ìwòsàn eegun Ìgbòbí ní Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1943 fún àwọn ọmọ-ogun tí ó fara gbọgbẹ́, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara ni ó ń ṣe iṣẹ́ adìẹ yìí.

Ìbéèrè kan wà tí àwòrán nìkan kò lè dáhùn: bí eegun bá so, ṣé oògùn ni ó so ó, tàbí ara fúnra rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wádìí èyí. Wọ́n lè jó eegun màlúù nínú iná líle títí ọ̀rá àti mùdùnmúdùn rẹ̀ yóò fi tán. Lẹ́búlẹ́bú tí ó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ohun líle tí ó wà nínú eegun ènìyàn. Wọn a fún àwọn ehoro ní oògùn oorun (ojúrere tí adìẹ oníṣègùn kì í rí gbà), wọn a sì gé eegun wọn débi tí ara kò fi lè dí àlàfo náà fúnra rẹ̀. Wọn a fi lẹ́búlẹ́bú dí ti àwọn kan, wọn a sì fi ti àwọn yòókù sílẹ̀ lófìfo. Bí ti àwọn àkọ́kọ́ bá so tí ti àwọn yòókù kò so, iṣẹ́ lẹ́búlẹ́bú ni.

Ehoro fúyẹ́ púpọ̀. Nítorí náà, wọ́n tún ń lo àgùntàn, tí ìwúwo rẹ̀ lè sún mọ́ ti ènìyàn. Àwọn ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù ni mo wí, kì í ṣe àwọn kúkúrú tí ń jẹ èèpo iṣu ní ìgboro wa. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ 4 ni àgùntàn fi ń rìn, ẹsẹ̀ 2 péré ni ènìyàn ń gbé gbogbo ara lé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn aláìsàn díẹ̀ tí wọ́n fi ẹnu ara wọn gbà ni a kọ́kọ́ ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún, tí a sì ń ṣọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù.