Ẹ̀rọ Omi Ẹja: Ẹ Fọwọ́ Tàn Án, Kó Fúnra Rẹ̀ Dúró

Èmi admin yín ni, láti Dogarawa níbí. Àwọn tí wọn ò ní dátà tó láti gbọ́ ohùn ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti délẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan nínú wa béèrè lọ́jọ́ Sunday ni. Ó gbé àpótí ẹja onígíláàsì sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ra ẹ̀rọ RO tó ń sẹ́ omi, ẹ̀rọ yẹn sì ń rọ omi sínú dúrọ́ọ̀mù kan lábẹ́ káńtà. Ó fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe máa dúró fúnra rẹ̀ tí dúrọ́ọ̀mù bá kún, torí òun máa ń lọ ra ọjà ní Kano, òun ò lè jókòó máa ṣọ́ omi. Ẹ rántí pé inú ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni ọjà rẹ̀ wà. Tí omi bá ya wọ abẹ́ báálì aṣọ mọ́jú, owó ló lọ yẹn.

Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín pé omi ẹja wo ló tó sísẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín jàre. Ẹ mọ bí ọyẹ́ Zaria ṣe ń ṣe: aṣọ tí ẹ sá láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti gan. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń fa omi inú àpótí ẹja. Omi nìkan ló sì ń lọ, iyọ̀ àti àwọn nǹkan bí ẹfun tó wà nínú omi borehole kì í bá a lọ. Ẹ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná, bó ṣe ń gbẹ ni iyọ̀ rẹ̀ ń le sí i. Tí ẹ bá wá ń fi omi borehole dípò èyí tó gbẹ, iyọ̀ mìíràn lẹ tún ń bù sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo omi RO. Pípààrọ̀ omi tún ṣì wà lọ́tọ̀ o, torí ìgbẹ́ ẹja náà ò bá ọyẹ́ lọ.

Ẹ̀rọ yìí ń fi agbára ti omi gba inú asẹ́ kan tí ihò rẹ̀ kéré gan-an. Èyí tó bá kọjá ló ń lọ sí dúrọ́ọ̀mù. Èyí tí kò kọjá á kó ìdọ̀tí dání, á gba rọ́bà kejì jáde síta. Nínú àwọn kékeré tí wọ́n ń tà fún ilé, lítà 3 tàbí 4 lè bá ìdànù lọ kí lítà 1 tó wọ dúrọ́ọ̀mù.

Ibí yìí ló ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Wọ́n á fi float sẹ́nu dúrọ́ọ̀mù, irú èyí tó wà nínú tánkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á ní ó ti parí. Lóòótọ́, float á dí ẹnu omi mímọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà ìdànù ò mọ̀ pé dúrọ́ọ̀mù ti kún, ó ń ṣàn lọ ni tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 75 gallon sí lára ń ṣe bíi lítà 280 lójúmọ́, ìyẹn bíi 12 ní wákàtí kan. Tí ìdànù bá jẹ́ 3 fún 1, láàárín wákàtí 10 lóru, lítà 360 ló ti lọ sí gọ́tà. Ó lé ní kẹ́ẹ̀gì 14 olílítà 25. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa, ẹ fi owó sí i.

Ohun tó ń dá ìdànù dúró ni fáàfù kékeré kan tó ní ẹnu 4. Omi tó ń wọlé ń gba ẹnu 2, omi mímọ́ ń gba 2 tó kù, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà láàárín wọn. Tí float bá ti dí, omi mímọ́ ò rí ibi lọ, agbára rẹ̀ á máa ga. Tó bá ti tó bí ìdá 2 nínú 3 agbára omi tó ń wọlé, rọ́bà yẹn á tẹ̀, á sé ọ̀nà mọ́ omi tó ń bọ̀. Non-return gbọ́dọ̀ wà láàárín asẹ́ àti fáàfù yìí, kí agbára yẹn má padà sẹ́yìn. Ẹ dán an wò: ẹ gbé float sókè, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wo rọ́bà ìdànù. Tó bá ṣì ń ṣàn, ó ṣeé ṣe kí non-return ti kú, tàbí rọ́bà inú fáàfù, tàbí kí agbára omi yín kéré.

Ti agbára yìí ló ń yọ wá lẹ́nu jù níbí. Asẹ́ náà ń fẹ́ bíi 40 sí 60 psi. Tánkì tó wà lórí irin mítà 4 ò lè fún un ju bíi 6 lọ. Nítorí náà a nílò pọ́ǹpù kékeré. Tí pọ́ǹpù bá ti wọ̀ ọ́, iná ló yẹ kó máa ṣe ìdádúró: suwíìṣì kan lójú ọ̀nà omi mímọ́ tó ń pa pọ́ǹpù tí float bá ti dí, fáàfù oníná tó ń sé omi lẹ́nu àbáwọlé, àti suwíìṣì kejì tó ń pa pọ́ǹpù tí tánkì òkè bá gbẹ, kó má jó.

Ṣé kó tún máa tan ara rẹ̀ wá? Èmi ò fara mọ́ ọn. Tí ẹ̀rọ bá ti dúró pẹ́, iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ á ti yọ́ kọjá nínú asẹ́, omi àkọ́kọ́ tó bá jáde kì í mọ́ tó. Ẹ̀rọ tó bá ń tàn ní gbogbo ìgbà tí omi bá fi ife kan dín, omi àkọ́kọ́ yẹn ni yóò máa fún yín ṣáá. Ẹ jẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ẹ tó fọwọ́ tàn án.

Ṣùgbọ́n NEPA ńkọ́? Ẹ tàn án láago mẹ́rin, wọ́n mú iná lọ, ẹ gbàgbé, ẹ wọkọ̀ lọ Kano. Wọ́n mú iná dé láago méjì òru. Tí float bá há lóru yẹn, ta ló máa rí i? Ẹ wá tímà oníspírìn tí wọ́n ń fọwọ́ yí, má ra oníná. Tímà oníná máa ń dúró tí iná bá lọ, ṣùgbọ́n oníspírìn ń kà lọ ni. Kí iná tó dé, wákàtí rẹ̀ á ti pé, á ti já a. Dúrọ́ọ̀mù lítà 50 ò ju bíi wákàtí 4 lọ.

Ẹ lu ihò sí dúrọ́ọ̀mù lókè float, ẹ fa páìpù láti ibẹ̀ bọ́ síta. Rọ́bà tó ń ti dúrọ́ọ̀mù lọ sínú àpótí ẹja, ẹ má ri ẹnu rẹ̀ sínú omi, torí tí àpótí bá ga ju dúrọ́ọ̀mù lọ, omi ẹja á padà sẹ́yìn bí pọ́ǹpù bá ti dúró. Ẹ má sì jẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù tóbi jù, torí tí pọ́ǹpù yẹn bá kọ̀ tí kò kú, ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù nìkan ló lè dà sórí ẹja.

Ẹni tó béèrè, kẹ́ ẹ tó lọ Kano lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ti ẹnu omi tó ń wọ ẹ̀rọ, kí ẹ sì yọ plug. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀rọ yẹn fún mi, níbi tí fáàfù ẹlẹ́nu mẹ́rin wà, kí n wò ó bóyá wọ́n fi non-return sí i.