Ìpèsè Fáírọ́ọ̀sì Agbéjíìnì

Fáírọ́ọ̀sì agbéjíìnì ni fáírọ́ọ̀sì tí a ti yọ àwọn jíìnì tirẹ̀ kúrò, kí ó má baà lè fa àrùn mọ́, tí a sì sọ di ọkọ̀ tí ń gbé jíìnì ìwòsàn wọ inú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn. Jíìnì ni ìtọ́ni àjogúnbá tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe àwọn èròjà tí ara nílò. Bí ènìyàn bá jogún èyí tí ó lábùkù, a lè fi fáírọ́ọ̀sì yìí gbé èyí tí ó pé lọ bá a. Ìwòsàn jíìnì ni à ń pe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Méjì ni ó gbajúmọ̀ jù: AAV, tí a kọ́kọ́ ròyìn ní ọdún 1965, àti lentivirus, tí a ṣe láti ara fáírọ́ọ̀sì HIV.

Bí a ṣe ń ṣe é

Fáírọ́ọ̀sì kì í pọ̀ sí i níta sẹ́ẹ̀lì alààyè. Nítorí náà, a kò lè pò ó bí ẹni po oògùn ibà. Inú sẹ́ẹ̀lì ni a ti ń sìn ín. Sẹ́ẹ̀lì tí a ń lò jù ni HEK293, tí Frank Graham ṣe ní ìlú Leiden, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ní ọdún 1973. Láti ṣe AAV, a máa ń fi DNA róbótó mẹ́ta tí à ń pè ní plasmid sínú sẹ́ẹ̀lì náà. Ìkíní ru jíìnì ìwòsàn. Ìkejì ru ìtọ́ni fún ṣíṣe èèpo fáírọ́ọ̀sì àti àdàkọ DNA rẹ̀. Ìkẹta ru àwọn jíìnì tí a yá láti ara adenovirus, nítorí AAV kò lè dá pọ̀ sí i láìsí olùrànlọ́wọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta, a ó fọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, a ó sì sẹ́ fáírọ́ọ̀sì kúrò nínú pàǹtírí.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀

Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá gba plasmid mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè ṣe ọkọ̀ tí ó pé. Nínú èyí tí ó gbà wọ́n pàápàá, òfìfo èèpo sábà máa ń pọ̀ ju èyí tí ó ru jíìnì lọ, bí ẹ̀pà tí kò lọ́mọ nínú. Òfìfo yìí kò wo ẹnikẹ́ni sàn, síbẹ̀ àwọn ọmọ-ogun ara lè gbógun tì í bí ẹni gbógun ti ọ̀tá.

Iye tí aláìsàn nílò sì pọ̀. Luxturna, oògùn ojú tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2017, ń lo bílíọ̀nù 150 ọkọ̀ fún ojú kan. Zolgensma, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tí àbùkù jíìnì ń sọ iṣan rẹ̀ di aláìlágbára, ń lo tírílíọ̀nù 110 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó wọn kílógíráàmù 5 yóò gba ju ìlọ́po 3,000 ohun tí ojú kan ń gbà. Bí iye ti ń pọ̀ ni ewu ń pọ̀: ìkìlọ̀ nípa ìpalára ẹ̀dọ̀ wà lára Zolgensma.

Ìwádìí láti mú un dára sí i

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí tí wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí wọ́n ń fi ọdún mélòó kan ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀. Àwọn kan ń yí ìwọ̀n plasmid mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà láti mọ èyí tí ń dín òfìfo kù. Àwọn mìíràn ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì láti máa léfòó nínú omi dípò kí ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́, kí a lè sìn ín nínú àgbá ńlá. Àwọn kan ń wá bí ìtọ́ni náà yóò ṣe wà nínú DNA sẹ́ẹ̀lì títí lọ, kí a má ra plasmid mọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú èròjà fáírọ́ọ̀sì ń pa sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ìtọ́ni náà gbọ́dọ̀ sùn títí di ìgbà tí a bá jí i. Sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ajẹ̀wé náà wúlò. Òun ni a fi ṣe Hemgenix, oògùn àrùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022.

Yíya òfìfo sọ́tọ̀ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Èyí tí ó ru jíìnì wúwo jù, nítorí náà ẹ̀rọ tí ń yí kíákíá lè yà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi ń wá ọ̀nà tí ó lo ìyàtọ̀ agbára iná mànàmáná ara wọn.

Ìdí tí ó fi kan Nàìjíríà

Nàìjíríà ni a ti ń bí ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde jù lọ ní ayé. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Lyfgenia, tí ń fi lentivirus gbé jíìnì wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Mílíọ̀nù 3.1 dọ́là ni iye rẹ̀ fún ẹnì kan. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì nìkan ni ó mú un wọ́n: aláìsàn yóò gba oògùn líle tí ń ro inú ọ̀rá egungun, yóò sì pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, bí ìpèsè ọkọ̀ kò bá rọrùn sí i, kò dájú pé ìwòsàn náà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n nílò rẹ̀ jù.