Àrànmọ́jú

Òṣùpá lé, ẹ ní kò gún. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe. Ẹni tó bá bú ọbẹ̀ ìyá àgbà wa pé kò níyọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ló máa gbọ́. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni, àfi lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbójú sókè, tí mo rí i pé oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé a máa fì lóòótọ́, bí èékánná tí wọ́n gé sọnù.

Àrànmọ́jú kì í fì ní tirẹ̀. Róbótó ló rí bí àwo tánganran. Bí oòrùn ti ń wọ̀ ló ń yọ, ó di kí ilẹ̀ mọ́ kó tó lọ. Àwọn Ojibwe, onílẹ̀ ní àríwá Amẹ́ríkà, ní òṣùpá sitirọ́bẹ́rì ní oṣù kẹfà, nítorí ìgbà náà ni èso ọ̀hún ń pọ́n. Àwa náà mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ í sọ, ṣùgbọ́n oṣù tí a ń kà la fún: Ọ̀wàrà, ìgbà tí òjò ń dà wàrà, Agẹmọ, ìgbà tí àwọn Agẹmọ 16 ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń lọ sí Ìmọ̀sàn, tí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn wọ́n. Èyí tó wà lókè, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan la ń wá.

Wọ́n ní ká wo baba tó ń la igi nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ló la igi, ni Ọlọ́run bá gbé e tòun tàáké lọ síbẹ̀. Mo wò ó títí, mo rí àáké, n kò rí baba. Ọjọ́ Ìsinmi wo tiẹ̀ ni? Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa: ti Ọbàtálá, ti Ifá, ti Ògún, ti Ṣàngó. Ó jọ pé inú Bíbélì ni baba yìí ti bá wa wálé.

Ti wèrè ló le jù. Wọ́n ní bí òṣùpá bá kún, wèrè a ru. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa. Bí àrànmọ́jú bá ku ọ̀la, ìyá rẹ̀ á ti gbé àgbo kaná. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ló ń sè. Ẹ gbọ́ orúkọ igi: ẹyẹ ló ń so èso fún, gbòǹgbò ló kù fún ọmọ èèyàn! Kì í ṣe ohun tí a ń bù mu bí omi o. Oníṣègùn tó mọ̀ ọ́n ló ń wọ̀n ọ́n, torí ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń kunni lóorun. Èròjà reserpine tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn dókítà fi ń tọ́jú wèrè ní àwọn ọdún 1950. Nígbà tí Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn wèrè tó wà ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Mo gba ti gbòǹgbò. Ti òṣùpá ni n kò gbà. Ọkùnrin yẹn ń ru nígbà òkùnkùn náà, kò kàn sí ẹni tó wà níta láti rí i ni. Alẹ́ àrànmọ́jú ni gbogbo àdúgbò ń tú síta, tí àwọn ọmọdé ń ṣe bojúbojú, tí àwọn àgbà ń pàlọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a ń gberin àlọ́ Ìjàpá, ohùn kan ń gbè é lẹ́yìn wa, ó dùn ju tiwa lọ. Ìyá àgbà kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní ká sún fún un, ó ń bá àlọ́ rẹ̀ lọ.