Okùn Tí Ń Sọ Iye

Ní ilẹ̀ Pérù, ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ará Ínkà jọba lórí ìlú púpọ̀. Wọn kò ní ìwé bíi tiwa. Okùn ni wọ́n fi ń pa ìṣirò mọ́. Kípù ni wọ́n ń pè é.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á mú okùn ńlá kan, wọ́n á so okùn wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, wọ́n á wá ta kókó sí i lára.

Ẹ wò ó dáadáa: ibi tí kókó wà ló ń sọ iye rẹ̀. Kókó ìsàlẹ̀ ni ẹyọ. Ti àárín ni mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ti òkè ni ọgọ́rùn-ún. Kókó 2 lókè, kókó 4 láàárín, kókó kan tí a lọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nísàlẹ̀: 243 nìyẹn. Bí àyè kan bá ṣófo, kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ní 1532, àwọn ará Sípéènì dé, wọ́n gba ilẹ̀ náà. Wọ́n gba àgbàdo, ẹran àti aṣọ lọ́wọ́ àwọn ará Jauja. Àwọn ìjòyè Jauja ta gbogbo rẹ̀ ní kókó. Ní 1561, wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní Lima. Wọ́n ka okùn wọn síta, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, àti èyí tí wọ́n jí kó. Ó ti ju 20 ọdún lọ, síbẹ̀ iye rẹ̀ kò sọnù.

Ẹni tó bá pa ìṣirò rẹ̀ mọ́, kò rọrùn láti rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ dáhùn: kókó 1 lókè, àárín ṣófo, kókó ìsàlẹ̀ lọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Iye wo ni?