Sáfíìsì Ọkọ̀ Asáré Tí Ó Ti Rìn Jìnnà

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó lè sáré kò wọ́n lóde, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti rin 200,000 kìlómítà tí ó sì ń sáré bí ìgbà tí ó wà ní tuntun kò pọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni ó ń fa èyí. Àwọn nǹkan kéékèèké inú ẹ́ńjìnnì ni ó máa ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà fi wọ́n sí. Dídá wọn padà sí ìwọ̀n yẹn ni sáfíìsì. Nínú àròkọ yìí, n ó ṣàlàyé fún ọ bí a ti ń ṣe é fún ọkọ̀ tí ó ti dàgbà, àti ìdí tí ó fi jẹ́ pé ohun tí a kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ṣe pàtàkì ju iye owó tí a ná lọ.

Peugeot 504 ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìwọ̀nba ni àwọn ará Nàìjíríà tí kò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti gbé e jáde ní ọdún 1968. Ní 1969 ni wọ́n fi í ṣe Ọkọ̀ Ọdún náà ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná. Ẹni tí ó bá rò pé ọkọ̀ akérò lásán ni, kí ó rántí pé 504 ni Ove Andersson wà tí ó fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kenya ní 1975, oríṣi rẹ̀ kan tí ó ní ẹ́ńjìnnì V6 ni Jean-Pierre Nicolas sì fi gbà á ní 1978. Àwọn tí ó ṣì kù lójú títì lónìí ti di arúgbó. Èyí tí ó ní sìlíńdà mẹ́rin, tí ń lo epo bẹntiróòlù tí ó sì ní kabúrétọ̀, ni mo ń bá wí níhìn-ín. Ọkọ̀ òde-òní tí kọ̀ǹpútà ń darí kò ní kọ́ńtáàtì, kò sì ní kabúrétọ̀, ṣùgbọ́n bí a ti ń ronú sí i kò yàtọ̀.

Jẹ́ kí a wo àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù. Awakọ̀ kan ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ òun kò fẹ́ gun òkè mọ́, ó ń mu epo, ó sì ń jó rẹ̀yìn bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kí mẹkáníìkì tó béèrè ohunkóhun, ó ti mú sukurudiráfà, ó ti ń yí ìdè kabúrétọ̀. Ẹ́ńjìnnì kígbe sókè, inú awakọ̀ dùn, ó sanwó, ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún padà dé. Kabúrétọ̀ kò ṣẹ̀ rárá. Fáàfù kan ni kò padé dáadáa mọ́, epo tí wọ́n fi kún un kàn bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ ni. Irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ lè náwó náwó sórí púlọ́ọ̀gì àti kabúrétọ̀ títí fáàfù yóò fi jóná pátápátá, tí yóò sì wá di ọ̀ràn orí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ náà ni ó fi ń kérò, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń bá a lọ.

Nítorí náà, ara ẹ́ńjìnnì ni à ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iná. Lẹ́yìn iná ni epo. Kabúrétọ̀ ni ó gbẹ̀yìn. Ẹni tí yóò kọ irú àròkọ yìí nínú ìdánwò kò gbọ́dọ̀ to àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bí ó ti wù ú.

Láti mọ ìlera ẹ́ńjìnnì, a óò wọn bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ti lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Gééjì kan wà fún un. Mẹkáníìkì tí kò bá ní in lè yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná bí ẹni pé o ń ti ìrìn-àjò bọ̀, kí o sì pa á. Fẹ́ iyanrìn kúrò ní ìdí púlọ́ọ̀gì kí o tó tú wọn, kí ó má baà já bọ́ sínú sìlíńdà. Tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o sì yọ wáyà tí ó ti ara kọ́ìlì lọ sí dísítíríbútọ̀, kí ó fara kan irin ọkọ̀, kí iná má baà ta. Ní kí ẹnì kan tẹ ẹsẹ̀ mọ́ àsìlẹ́tọ̀ dé ilẹ̀, kí ó sì máa stáàtì ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, bí ìwọ ti di gééjì mú sí ihò púlọ́ọ̀gì. Kọ òǹkà rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì lọ sí òmíràn. Má gbàgbé pé lórí 504, láti ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé jíà, ni a ti ń ka sìlíńdà kìíní, kì í ṣe láti iwájú.

Bí òǹkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sún mọ́ ara wọn tó ni kí o wò ju bí wọ́n ti ga tó lọ. Bí gbogbo wọn bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ara wọn dọ́gba, ọjọ́ orí ni ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà, kì í ṣe àìsàn. Sáfíìsì yóò ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá fi ìdá 10 tàbí 15 nínú 100 kéré sí àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan sínú sìlíńdà yẹn, kí o sì tún un wọ̀n. Bí òǹkà bá gòkè, ríìngì písítìnì ni ó ti jẹ, nítorí pé ọ́ìlì náà ni ó bá a dí àlàfo. Bí kò bá yí padà, fáàfù ni kí o fura sí. Bí ó bá jẹ́ pé méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni ó lọ sílẹ̀, ó ṣe é ṣe kí gáskẹ́ẹ̀tì ti fẹ́ láàrin wọn. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá wà ní irú ipò yìí, sáfíìsì kò lè wò ó sàn. Sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, kí ó pa owó púlọ́ọ̀gì mọ́.

Táápẹ́ẹ̀tì ni ó kàn. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù fún èyí, nítorí náà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ó dára jù. Lórí 504, àlàfo fáàfù tí ń gba epo àti afẹ́fẹ́ wọlé jẹ́ 0.10 mílímítà, ti èyí tí ń tú èéfín jáde jẹ́ 0.25. Èyí tí ń tú èéfín jáde ni ó ń rí ooru jù, irin tí ó bá sì gbóná a máa gùn sí i. Ìdí nìyẹn tí àlàfo tirẹ̀ fi pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gbọ́ ariwo táápẹ́ẹ̀tì, wọn a ní kí mẹkáníìkì dì í títí yóò fi dákẹ́. Èyí léwu púpọ̀. Táápẹ́ẹ̀tì tí ó dẹ̀ máa ń pariwo, o óò gbọ́, o óò sì tún un ṣe. Èyí tí ó há jù kì í sọ̀rọ̀. Fáàfù rẹ̀ kò ní í jókòó tán, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ó bá jókòó ni ooru fi ń ti ara rẹ̀ kọjá sínú orí ẹ́ńjìnnì. Iná yóò máa gba etí rẹ̀ jáde, yóò sì máa jó o wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Epo tí ó ní òjé ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, òjé yìí a sì máa dáàbò bo ibi tí fáàfù ń jókòó lé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 ni wọ́n ti dẹ́kun títa irú epo bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Níbi tí irin ìjókòó fáàfù bá ti rọ̀, ó lè máa jẹ wọlé, kí àlàfo sì máa há. Má fi wíwọ̀n yìí falẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì tí o tú, kà á bí ìwé kí o tó jù ú nù. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ erùpẹ̀ gbígbẹ, kò sí wàhálà. Bí ó bá dúdú, tí ó sì gbẹ bí ìdí ìkòkò orí àdògán, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá dúdú tí ọ́ìlì sì rin ín, ọ́ìlì ń wọ inú sìlíńdà. Bí ó bá funfun bí ẹfun, ooru ti pọ̀ jù níbẹ̀, bóyá nítorí pé epo kéré. Àlàfo tuntun tí o fẹ́ fi sí i jẹ́ 0.6 mílímítà. Alumíníọ́ọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì 504, ó rọ̀ ju irin lọ. Ọwọ́ lásán ni kí o fi yí púlọ́ọ̀gì wọlé títí tí yóò fi jókòó, kí o tó fi sípánà fún un díẹ̀.

Nínú dísítíríbútọ̀, pààrọ̀ kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà pọ̀, kí o sì fi àlàfo kọ́ńtáàtì sí 0.40 mílímítà. Di orí ọ̀pá rẹ̀ mú, kí o mì í sọ́tùn-ún sósì: bí ó bá ń mì, àlàfo tí o wọ̀n nígbà tí ẹ́ńjìnnì dúró kò ní í jẹ́ ọ̀kan náà nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, yí rọ́tọ̀ díẹ̀ sí ìhà tí ó máa ń yí sí, kí o sì fi í sílẹ̀. Ó yẹ kí ó padà fúnra rẹ̀. Bí kò bá padà, àwọn irin kéékèèké tí ó ń mú kí iná yára ta bí eré bá ti ń pọ̀ ti dípẹtà. Ní èrò tèmi, èyí ni a ń gbàgbé jù nínú gbogbo ohun tí ń sọ ọkọ̀ asáré di ọ̀lẹ. Ọkọ̀ náà yóò stáàtì dáadáa, yóò dúró jẹ́ẹ́ lójú kan, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, kò ní í lọ.

Ìgbà yìí ni a tó lè fọwọ́ kan táímìnì, nítorí pé bí àlàfo kọ́ńtáàtì bá yí padà, àkókò tí iná ń ta náà yóò yí padà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣe táímìnì yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bí iná bá ń yá jù, o óò gbọ́ ìró bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Bí ó bá ń pẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbóná, yóò sì máa mu epo lásán.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ epo. Pààrọ̀ fíltà afẹ́fẹ́ àti fíltà epo, pàápàá bí o bá máa ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì. Lẹ́yìn èyí ni kí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yí ìdè kabúrétọ̀. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé kò nílò ju ìyípo díẹ̀ lọ. Da ọ́ìlì àtijọ́ nù pẹ̀lú fíltà rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà sí 5,000 kìlómítà, má sì ra èyí tí ó nípọn jù láti fi pa èéfín mọ́; èéfín náà ni ó ń sọ òtítọ́ fún ọ.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gba agbára rẹ̀ padà, ojú ọ̀nà bí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 yóò máa pè ọ́. Má tíì dá a lóhùn. Bírékì tí ó tó ọkọ̀ tí ń wọ́lẹ̀ lè má tó ọkọ̀ tí ń sáré. Omi bírékì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ó yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì sí ọdún méjì. Ní ti táyà, wá òǹkà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ táyà tí ń dán ní ẹ̀gbẹ́ títì ni ó ti dàgbà ju ọmọ ilé-ìwé lọ.

Wa ọkọ̀ náà fún nǹkan bí 100 kìlómítà, jẹ́ kí ó tutù, kí o sì tún púlọ́ọ̀gì kan yọ wò. Bí ó bá ti ní àwọ̀ erùpẹ̀ gbígbẹ, dá a padà, kí o sì kọ òǹkà kìlómítà ọjọ́ náà, pẹ̀lú òǹkà sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sínú ìwé kékeré kan tí yóò máa wà nínú ọkọ̀, kí mẹkáníìkì lè rí ohun tí yóò fi wé tirẹ̀ nígbà sáfíìsì tí ó ń bọ̀.