Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ohun tí ó fọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run ní ọjọ́ 4 oṣù Òkúdu, ọdún 1996, kì í ṣe irin, kì í sì í ṣe epo. Ìbéèrè kan tí àwọn tí ó kàn kò béèrè ni.

Ariane 5 ni orúkọ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Láti Kourou, ní Guiana ti ilẹ̀ Faransé, ni àwọn ará Yúróòpù ti rán an lọ sókè pẹ̀lú sátẹ́láìtì 4 nínú rẹ̀. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí ó gbéra tí ó fi yà bàrá, tí ó sì bú gbàmù. Ọpẹ́ ni pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí, tí Jacques-Louis Lions jẹ́ alága rẹ̀, tú àṣírí ọ̀ràn náà. Ara Ariane 4 ni wọ́n ti mú ètò kọ̀ǹpútà tí ń sọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì kọjú sí. Ó ti ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Àyè nọ́ńbà kan nínú rẹ̀ kò lè gbà ju 32,767 lọ. Ìrìn Ariane 4 kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n Ariane 5 yára jù ú lọ. Nọ́ńbà kún àkúnwọ́sílẹ̀, kọ̀ǹpútà dákú. Èkejì tí wọ́n fi ṣe àdípò, ètò kan náà ni ó wà nínú rẹ̀. Òun náà ti dákú. Èyí tí ó dunni jù ni pé iṣẹ́ tí apá ètò yìí ń ṣe kò wúlò fún Ariane 5 rárá lẹ́yìn tí ó bá ti gbéra.

Ọ̀ràn yìí kan ọ̀nà ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní object, èyí tí Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard bẹ̀rẹ̀ ní Norway láàárín àwọn ọdún 1960. Wọ́n a pín iṣẹ́ ńlá fún àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí ó bá mọṣẹ́, a lè gbé e lọ sí ibòmíràn, owó àti àkókò kò sì ní ṣòfò. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà: bí a bá ti rí òṣìṣẹ́, a kì í fẹ́ béèrè mọ́ pé kí ni iṣẹ́ tuntun ń fẹ́.

Èdè Ada ni wọ́n fi kọ ètò Ariane, síbẹ̀ ní 1997 Bertrand Meyer àti Jean-Marc Jézéquel fi í ṣe ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹni tí ń tún ètò lò. Wọ́n ní kí a kọ àdéhùn mọ́ ètò kọ̀ọ̀kan lára: ohun tí yóò gbà, ohun tí yóò fi fúnni, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé kóńgò ọjà kan lè má dọ́gba pẹ̀lú ti ọjà kejì. Ẹ̀yin olùkọ́ pẹ̀lú, ẹ kọ́ àwọn ọmọ tí ń kọ́ kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó wá òṣìṣẹ́ tí yóò ṣe é.