ILẸ̀KÙN TÍ WỌ́N NÍ YÓÒ DÁ INÁ DÚRÓ FÚN ÌṢẸ́JÚ 30, ÌṢẸ́JÚ 15 PÉRÉ LÓ LÒ!

Ẹni tó bá ní èèyàn ní London kò ní í gbàgbé June 14, 2017 bọ̀rọ̀. Òru ọjọ́ náà ni Grenfell Tower, ilé alájà 24, gbiná. Fíríìjì kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lájà kẹrin, ní nǹkan bíi aago kan òru. Kílẹ̀ tó mọ́, iná ti gbalé kan. Èèyàn 72 ló bá a lọ.

Ohun tí wọ́n fi bo ara ògiri níta ni gbogbo ayé ń pariwo, òótọ́ sì ni, òun ló gbé iná gòkè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni.

Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo ará ilé yẹn ń gbà sọ̀kalẹ̀. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn fúláàtì kì í ṣe tìtorí olè nìkan o. Òun ló yẹ kó há iná àti èéfín mọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, káwọn yòókù lè ríbi gbà sá. FD30S ni wọ́n ń pe irú ẹ̀: FD ni pé ilẹ̀kùn iná ni, 30 ni ìṣẹ́jú tó gbọ́dọ̀ fi dúró, S sì dúró fún èéfín.

Àwọn ọlọ́pàá mú ọ̀kan lára ilẹ̀kùn Grenfell tí iná ò bà jẹ́, wọ́n ní kí wọ́n dán an wò. Ìṣẹ́jú 15 péré ló lò tí iná fi já sí òdìkejì! Ọdún 2018 ni ìjọba Ìlú Ọba kéde ẹ̀ fáráyé.

Ta ló ra ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀? Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Sir Martin Moore-Bick, ló darí ìwádìí náà, àbọ̀ tó kẹ́yìn sì jáde ní September 4, 2024. Ó sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé nígbà táwọn tó ń bójú tó ilé náà ń pààrọ̀ ilẹ̀kùn lọ́dún 2011, wọn ò béèrè irú èyí tó yẹ nígbà tí wọ́n ń rà á. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ọdún mẹ́fà kí iná tó sọ, inú ìwé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀kùn iná kì í ṣe pákó lásán. Odindi ẹ̀ ni wọ́n ń gbé síwájú ààrò ńlá: férémù, híńjì, kọ́kọ́rọ́, gíláàsì, àti okùn pẹlẹbẹ etí ẹ̀ tó máa ń wú bí iná bá rà á, tá á dí gbogbo àlàfo. Èyí tó bá yege níbẹ̀ ni sátífíkéètì wà fún. Bí káfíńtà bá wá yọ híńjì, tó fi olówó pọ́ọ́kú sí i, tàbí tó gbẹ́ ihò tuntun fún gíláàsì, ìwé ọwọ́ yín ti di ti ilẹ̀kùn mìíràn nìyẹn.

Èyí tó tún burú ni pé irin tó ń fa ilẹ̀kùn padé ò sí lára ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn Grenfell, tàbí kó ti bà jẹ́. Àwọn tó ń sá jáde ò ráyè tìlẹ̀kùn, bí èéfín ṣe gba àtẹ̀gùn nìyẹn.

Láti January 23, 2023, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wí pé nílé fúláàtì tó bá ga ju mítà 11 lọ, kí wọ́n máa yẹ ilẹ̀kùn ojú ọ̀nà wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n sì sapá láti yẹ ti ẹnu fúláàtì wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kan yín lílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n máa wò ni bóyá ó ń padé fúnra ẹ̀.